Bàtà Kan Létí Odò Ọbà

Àárọ̀ Sátidé, nínú ìsinmi Àjíǹde,
Síénà mi kún bí àpò ẹ̀wà:
Mojọlá níwájú, fóònù lọ́wọ́, ojú le koko,
Akínlàjà àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ,
àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì láti ilé-ìwé, ọmọ Bọ́nì lẹ́bàá òkun:
Ìbìnàbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Dágogo tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tó ti kí mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìtàn."
Mo ní mi ò ní sọ.
Mo ti kọ ètò sínú ìwé pélébé kan:
ààfin, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá,
ká padà délé ní agogo méjì.
Ìwé náà ń bẹ lábẹ́ ìjókòó di òní.

Nítorí ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n ni Ìbìnàbò ti pariwo, "Ẹ dúró!"
Mo tẹ bíréèkì. Mo rò pé ewúrẹ́ ni.
Ibojì ló rí, lójúde ilé kan báyìí,
táìsì funfun, ọmọdé méjì jókòó lé e, wọ́n ń jẹ gúgúrú.
"Ta ló sùn síbẹ̀? Ẹ̀rù ò bà wọ́n?"
Mojọlá la ẹnu, ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó,
kò rí nǹkan sọ.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá,
kò bèèrè rí.
Akínlàjà ló dáhùn, ọmọ tí mo rò pé ó ti sùn lọ:
"Àwa kì í gbé bàbá wa lọ jìnnà.
A ó kí i tá a bá jí.
À ń sá èlùbọ́ lé e lórí, kì í bínú."
Èmi ìyá rẹ̀, mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Máńgòrò pọ́n lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣépè.
Ibẹ̀ ni Dágogo ti sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́:
"Ta ló ni wọ́n?"
Mojọlá ní, "Ẹni tó bá tètè jí."
Omi rẹ̀ ṣì wà lára ìjókòó mi. Kò lọ. Mo ti fọ̀ ọ́ títí.

Oòrùn ti kan àtàrí ká tó dé dáàmù Ọbà.
Ìbìnàbò ní, "Odò ọba? Ọba wo?"
"Fi ohùn wálẹ̀," ni Mojọlá wí,
"Ọbà. Bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀."
Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún jọba.
A rẹ́rìn-ín títí lékeléke fi fò.

Dágogo ò rẹ́rìn-ín.
Ó ń wo omi bí a ti ń wo ẹni tó díbọ́n pé òun ń sùn.
"Omi yín kéré."
Mojọlá fọwọ́ lé ìbàdí.
"Ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀hún, ibi tó dúdú tí kò mì.
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀."
Apẹja kan tó ń tú àwọ̀n rẹ̀ gbójú sókè:
"Ta ló sọ fún un?
Ibẹ̀ ló mú àbúrò mi."

Ogójì ọdún ni mo ti ń mu Ọbà láti ẹnu ẹ̀rọ.
Ọmọ Bọ́nì ló wá fojú rẹ̀ hàn mí.

Bá a ṣe ń padà, ẹrẹ̀ gba bàtà òsì Ìbìnàbò, búlúù,
a fà á, a wa á, ẹrẹ̀ ò dáhùn.
Ó fi ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ bí àkèré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apẹja pè mí: omi ti fà, bàtà ti jáde.
Mojọlá fọ̀ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé.
Mo ní ká fi ránṣẹ́.
Ó ní rárá, kí ẹni tó ni ín wá mú un.
Lálaalẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù.
Ìbìnàbò ti lè wí Ọbà báyìí, ó dún dáadáa.
Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù.