Pákó Tí N Ò Tà

Ẹ má pè mí ní adájọ́.
Alágogo ni mí, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀;
àwòrán agogo wà lára ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ìdànrè,
òjò ti fọ ìdajì rẹ̀, ìdajì ṣì ń dún.
Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò fì sápá kan
kó gun òkè Ìdànrè, kó lọ bi àpáta.

Èmi Fádèké onípákó,
Ọ̀gbẹ́ni Orímọlóyè ni mo fẹ́ bá wí,
Orímọlóyè ti Alágbàká,
ẹni tí ìjọba gbé òǹtẹ̀ méjì lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo:
ọ̀kan fún ìwé àṣẹ àwa tí à ń lagi,
ọ̀kan fún ìbò ìjọba ìbílẹ̀.
Àpótí kan náà ló kó méjèèjì sí.
Ẹ rò pé òǹtẹ̀ méjì á sùn pọ̀ kí wọ́n má sọ̀rọ̀?
Orí mọ olóyè lóòótọ́;
àwa tí a ò joyè ńkọ́?

Lọ́jọ́ ìbò, lẹ́yìn ilé ìwé,
oòrùn là wá lórí, a ò kúrò.
Wọ́n ń gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń fi èédú fàlà sára pákó arère
bí mo ti ń ka ẹrù láti ọmọ ọdún mọ́kànlá:
ìlà mẹ́rin dúró, ìkarùn-ún dábùú wọn.
Agogo, igba ó lé méjìlá.
Àkàsọ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Aṣojú Alákàsọ̀ gan-an bu omi mu, ó fọwọ́ sí i.
Nígbà tí èsì fi dé Alágbàká,
agogo ti di mọ́kànlélọ́gọ́ta,
àkàsọ̀ ti gun igba ó lé méjìlá.
Wọn ò tilẹ̀ ṣe wàhálà àtiwá iye mìíràn!
Olè tí ò lè dá irọ́ tirẹ̀ hùmọ̀,
fìlà wa ló ṣí, ló fi dé wọn lórí.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo gbé pákó mi dání.
Akọ̀wé ní ọ̀gá wà nípàdé.
Mo gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
Ọjọ́ kẹta, ọ̀dà pupa ti wà lára ẹ̀rọ mi: TÌ Í PA.
Wọ́n ní ìwé àṣẹ mi ti kú.
Ta ló pa á? Ó ṣì ku oṣù márùn-ún kí ọdún rẹ̀ pé.
Lódìkejì, ẹ̀rọ Akínṣọlá ń ké fatafata.
Alákàsọ̀ ni. Ìwé tirẹ̀ ti kú láti ọdún kejì,
wọn ò tíì sìnkú ẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n lóru, tí lẹ́búlẹ́bú igi bá ń hó mi lọ́fun,
ọ̀rọ̀ kan a máa kanlẹ̀kùn mi.
Nígbà tí tiwa wà lórí àga yẹn,
ọjọ́ méjì ni mo fi gba ìwé àṣẹ.
Ọjọ́ méjì! Akínṣọlá lo oṣù mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì.
Mo bá a níbẹ̀ tó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀.
Mo kí i. Mo kọjá.
N ò bi òǹtẹ̀ ní nǹkan kan.

Ìyẹn ò sọ Orímọlóyè di ènìyàn mímọ́ o!
Kí Alákàsọ̀ kankan má gbé ọ̀rọ̀ mi kiri.
Igba ó lé méjìlá ni, títí ayé.
Ẹ kàn bá mi gba òǹtẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.
Bó bá sì jẹ́ tiwa ló débẹ̀ lọ́la,
ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ tiwa náà,
kí n tó yí ohùn padà.

Oníbàárà kan yà lánàá,
pákó ìlẹ̀kùn ló ń wá, fún yàrá ọmọ rẹ̀.
Ó nawọ́ sí èyí tí mo fi ọ̀rá bò.
Mo ní ìyẹn kọ́.
Ìyẹn ṣì wà lórí ìṣirò.