Ọsàn Jàgànyìn

Bàtà funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà ìlú,
lẹ́yìn àpáta, níbi tí àgbàrá ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò Ògùn.
Alàgbà Ṣówándé wo bàtà, kò wo ìwé ẹ̀rí.
"Abọ́sẹ̀dé, bọ́ ọ. Ilẹ̀ fẹ́ mọ ẹsẹ̀ rẹ."

Àwa mẹ́fà la dé. Oṣù méjì, a ku mẹ́rin.
Ládépọ̀ lóun ò lè fọwọ́ po ìgbẹ́ adìẹ;
ẹnì kejì gun ọ̀kadà lọ sí Pánṣẹ́kẹ́, kò padà mọ́.
Èmi náà ì bá lọ.
Ìyá mi ń ráhùn ní Ìtòkò:
"Ọkọ́ tí bàbá rẹ tà kó lè sanwó ìwé rẹ,
òun lo tún lọ gbé?"
Mi ò lésì. Èékánná mi dúdú.

Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ èdè ewé díẹ̀díẹ̀:
èyí tó pọ́n létí, ebi ló ń pa á,
èyí tó rọ láàárọ̀ kùtù, a ti fomi yó o jù.

Lọ́jọ́ kan ó fà mí dé ìdí ọsàn jàgànyìn,
ẹ̀gún ní gbogbo ara, kíkan bí ọ̀rọ̀ orogún.
Mo ní, ṣé ká gé e sọnù ni?
Ó rẹ́rìn-ín.
"Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ta ni yóò dúró?
Ọsàn dídùn tẹ́ ẹ ń pọ́n lá, gbòǹgbò rẹ̀ ò ká òkúta.
Èyí tó kan yìí ló mọ̀nà àárín àpáta."
Ó fi abẹ la èèpo rẹ̀,
ó ti ojú ọsàn dídùn bọ ọgbẹ́ náà,
ó fi ọ̀rá dì í pinpin,
ó na abẹ sí mi.
"Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Mo ṣe mọ́kànlá. Mẹ́jọ kú.
Lọ́jọ́ kejìlélógún mo tú ọ̀rá ìkẹsàn-án:
ojú kan ń wò mí,
tútù, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.
Mi ò pariwo. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹfà, ìyá mi yà wá,
ó lóun kàn ń kọjá lọ sí Ìtòkú ni.
Ó rìn yí àwọn ọsàn náà ká, ó fọwọ́ kan ewé.
"Èló lẹ ń ta ọ̀kan?"
Mo ní, ìyá mi, òkúta ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa.
Ó ní, "Ṣé èmi ni o fẹ́ sọ fún?
Níbo ni kí n gbẹ́ ihò sí?"