Àpótí Mẹ́rìnlá

Àpótí mẹ́rìnlá ni Bàbá fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Lafẹ́nwá,
kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú wọn dẹ́nu.
Èmi mú ilé.
Fẹ̀hìntọlá ní òun ò fẹ́ ilé, òun ò fẹ́ ilẹ̀,
kí wọ́n ṣá kó àpótí fóun.
Mo rẹ́rìn-ín, mo bá a rù wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé.
N ò mọ̀ pé ikùn wọn ló fẹ́ là.

Ó jókòó sórí àpáta tí Màámi máa ń sá láfún lé,
ó yọ sípóòkù méjì lára kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà,
ó pọ́n ẹnu wọn títí wọ́n fi ń dán,
ó wá fa ìfun àkọ́kọ́ jáde,
gbọọrọ, àwọ̀ rẹ̀ bí àdín.
Ó ń hun ún bí ẹni hun fìlà ọmọ tuntun:
wọ̀ ọ́, kọ́ ọ, fà á, jọ̀wọ́ rẹ̀.
Wọ̀ ọ́, kọ́ ọ, fà á, jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ará Òwu ni wá. Òwú kọ́ ló ń hun.
Owú ni èmi ń jẹ, n ò sì mọ ohun tí mo ń jowú.
Mo ní, "Ohùn Bàbá lò ń ta ní kókó yẹn!
Ọjọ́ tó kí wa kú ọdún láti Kàdúná wà níbẹ̀.
Ọjọ́ tó ń kọ́ mi ní ìṣirò, tí mo ń sunkún, wà níbẹ̀."
Kò gbójú sókè.
"Ta ló ti gbọ́ ọ láti ọdún mọ́kànlá, Bọ̀dá?
Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn bá a níbẹ̀, òjò bá a níbẹ̀.
Àwọn ọmọ àdúgbò ń fa wáyà tẹlifóònù wá,
Ìyá Sàkáríyáù kó ọ̀rá omi ààbọ̀ àpò,
ẹnìkan mú rọ́bà dírípù wá láti Ìdí-Àbà.
Wáyà di egungun. Rọ́bà di iṣan.
Orúnkún nìkan gba oṣù kan gbáko.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú ọwọ́ òsì palẹ̀:
"Bàbá kì í di súkúrúdíráfà mú báyìí."

Ẹnìkan ti wá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wa,
ó tẹrí ba sí nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀,
èjìká ọ̀tún rẹ̀ fì sílẹ̀ díẹ̀
nítorí ogójì ọdún àpò irinṣẹ́.
Kò hun ojú fún un.
Ó ní òun ò rántí i dáadáa, òun ò sì ní purọ́.

Lóru, atẹ́gùn gòkè láti Odò Ògùn,
gbogbo ara rẹ̀ ń dún ṣìì, ṣìì,
bí rédíò tó ń wá ibi tí yóò dúró sí.
Mo jáde. Mo tanná sí i.
Orí okùn kan yọ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.
Fẹ̀hìntọlá sọ láti ojú fèrèsé pé,
"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni mo fi í sílẹ̀ fún."

Ó wà láàárín ìka mi méjì.
N ò fà á. N ò tíì so ó.