Ife Dígí

Ọjọ́ kẹrin oògùn ni.
Kóró mẹ́ta lójúmọ́, funfun bí eyín màlúù,
ó tóbi ju ọ̀fun tó fẹ́ gbé e mì lọ.
Mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ ọ́, mo ń pò ó mọ́ jáàmù,
Yasna á sì dijú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi tútù.
Bèlúbèlú ló wú, dókítà ló wí bẹ́ẹ̀:
“Ọjọ́ méje. Ẹ má fo ẹyọ kan.”
N kò fò. Mo ń fàlà sí bébà ara fíríìjì
bí mo ṣe ń fàlà fún ọkọ̀ tó bá wọlé lóru
láyé ìgbà tí mo ń ṣọ́ èbúté.

Oṣù ìjì la wà ní Punta Arenas.
Wọ́n ti ta okùn sí ìkóríta
kí arúgbó bí tèmi lè rí nǹkan dì mú.
Nínú ilé ńkọ́?

Aago méjì òru.
“Tata, ara ń yún mi.”
Mo tanná.
Àyà, ikùn, ẹ̀yìn ọrùn,
gbogbo rẹ̀ pupa fòò, bí ìgbà tí wọ́n gbọn búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lé e lórí.
Ìyá rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ apẹja, fóònù kò dé ibẹ̀.
Mo tú bébà inú páálí oògùn, ó gùn ju ìwé ìpíngún lọ,
lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.
Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú mi kò fẹ́ dé,
ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè kà sókè létí ọmọ.

Ṣé ọwọ́ mi yìí náà ló ń fi ṣíbí gbé e fún un?

Zlata Kusanović gbọ́ ariwo láti ara ògiri,
ó wọlé tòun ti bàtà òjò:
“Dá oògùn yẹn dúró! Àbí kó o má dá a dúró,
oògùn tí a kò lò tán, ọgbọ́n ló ń kọ́ àìsàn.”
Ọ̀rọ̀ méjèèjì, èémí kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ń jẹ́ Mirtha Nahuelquín.
Ṣé ètè rẹ̀ wú? Rárá.
Ṣé ó ń mí dáadáa? Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́.
Yasna ní áísìkiriìmù lòun fẹ́.
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.
“Ẹ mú ife dígí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pọ́n,
kí ẹ wò ó látinú dígí.
Ṣé pupa náà lọ, àbí ó dúró?”

Ife tí mo fi ń mu wáìnì lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo mú.
Ogójì ọdún ni mo fi wo ojú òkun,
n kò wo nǹkan kan báyìí rí.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.
Mo gbé e. Ó padà.
Mo tún tẹ̀ ẹ́.
“Ó ń lọ,” mo wí, “ó ń lọ, ó ń bọ̀.”
“Ẹ má fún un ní ti àárọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e wá.
Bí ètè bá wú, bí èémí bá há, ẹ má dúró dè ilẹ̀.”

Mo ka èémí rẹ̀ títí mo fi ṣì í kà.
Zlata sùn lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà mìíràn ló bá wa sọ̀rọ̀:
ibà mìíràn ló fara pamọ́ sọ́rùn ọmọ,
kì í ṣe irú èyí tí oògùn yẹn ń pa;
àwọn méjèèjì ló pàdé tí wọ́n jà.
Yóò lọ fúnra rẹ̀.
Kò bẹ̀bẹ̀ fún ti ọjọ́ mẹ́rin yẹn, n kò sì bi í.

Àlà méjìlá ló wà lára fíríìjì.
Mo fọ ife náà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ n kò tíì lè fi mu wáìnì.
Yasna ló gbà á lọ́wọ́ mi lánàá,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, níbi tí ọjọ́ orí ti ta àbàwọ́n sí,
ó wò ó títí, ó sì gbójú sókè:
“Tata, tiyín ò lọ o.”