Òórùn Pákó Tútù

Ní ìsọ̀ Dọ̀tun, ní Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òde,
ó fín àkọ́kọ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́:
ó dùn bíi kéèkì ìgbéyàwó.
Mo ní rárá. Èkejì ń ta imú bí ata.
Ẹ̀kẹta, ó ní àwọn ọkùnrin báǹkì ló ń lò ó.
"Dọ̀tun, mi ò lọ sí báǹkì.
Ewé ni mo ń wá. Igi ni mo ń wá,
òórùn ọkùnrin tó ti inú igbó bọ̀,
tí ìrì ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun àpótí,
ó gbé ìgò aláwọ̀ ewé kan sọ̀ láti orí pẹpẹ,
eruku ti bo ọmọrí rẹ̀.

Ó fín in.
Mo dákẹ́.

Arère tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
ẹ̀rọ ń ké, lẹ́búlẹ́bú pákó ń fò,
bàbá mi Ṣówándé, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.
Ìyá mi a máa gbọn ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
a ní, "Igi ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ọkọ."

Èmi tí mo fi ọṣẹ fọ òórùn yìí dànù ní Èkó,
èló ni n ó fi rà á padà?

Dọ̀tun dá owó lé e. Owó náà ga ju pẹpẹ lọ.
A nájà títí; ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwa méjèèjì.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún kan. Mo san án.

Lọ́jọ́ Sátidé mo fín in díẹ̀, mo wọlé.
Bàbá tí ojú rẹ̀ ti fọ́ gbé imú sókè:
"Ta ló ń la arère níhìn-ín?"