Ọdún Tí Kámẹ́rà Mọ̀

Ní Kàbà ni mo ti rà á,
ní ìsọ̀ Ọ̀títọ́jù tó ń ta rédíò àlòkù,
láàárín áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́
àti ṣájà tí okùn rẹ̀ ti bó.
Ẹgbẹ̀rún méjìlá ló pè é. Mo ní márùn-ún.
Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀kun o, ọmọ Ìyàrá.
Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ ẹ, kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"
A parí ẹ̀ sí mẹ́jọ.

Bátìrì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iye kan náà.
Fíìmù wá láti Ìlọrin,
abẹ́ ìjókòó dírẹ́bà ló sùn, pẹ̀lú iṣu.

Mo tẹ bọ́tìnì.
Gìrìrì, ọrùn rẹ̀ yọ bí ti alábahun
tó gbọ́ pé òjò ti dá.
Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó nà sí i,
igi kọfí òdìkejì odò rìn wá bá mi,
Bàbá Jẹ́mirìn tó ń já èso pupa níbẹ̀
sún mọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.
Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lójú kan.

Mẹ́rìndínlógójì péré. Kò sí "jẹ́ n wò ó ná".
Ẹni tí ẹran inú ìkòkò rẹ̀ níye
a máa fi ojú kà á kó tó fi ṣíbí kàn án.
Oṣù kan ni mo fi ṣọ́ ọ ná:
àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
kẹ̀kẹ́ pásítọ̀ nínú gọ́tà,
àbúrò mi, tó dijú gẹ́lẹ́ tí iná bù yẹ̀rì.

Aago inú rẹ̀ nìkan ló ṣorí kunkun.
Mo ń tì í síwájú, ó dé ọdún 2019,
ó kọ̀ jálẹ̀ bí ewúrẹ́ tó dé etí odò.
Mo bá fi í sílẹ̀ sí '97.

Àwòrán dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Mẹ́wàá dúdú kirimú. Ìka mi wà nínú mẹ́rin.
Bàbá Jẹ́mirìn ti di èéfín:
ohun tó jìn, tá a fà mọ́ra, a máa gbọ̀n.
Ọ̀kan ló mọ́ kedere, ìyá mi àgbà
níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí, ó ń ṣa ẹ̀wà,
'97 pupa ní igun ìsàlẹ̀.

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà,
ó tún fà á mọ́ra.
Mo ní, "Ẹ má bínú, irọ́ ni ọdún yẹn ń pa."
Ó ní, "Dákẹ́. Bàbá rẹ ṣì wà lọ́dún yẹn.
Wò ó dáadáa, ó lè wà nínú ilé."

Mo ti ra fíìmù mìíràn.
N kò tíì yí aago náà padà.