Ẹ̀dọ̀ Ẹja Dragovac

Bàbá mi, Dujam, nàka sí ìsàlẹ̀ omi:
"Jasenka, wò ó. Owó ẹyọ àtijọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá,
mo ṣì ń rí ẹja tí wọ́n yà sí i lára.
Omi tó mọ́ báyìí, kí lẹ tún fẹ́ bi í?"

N ò bá a jiyàn. Mo ju àwọ̀n.
Ilé-iṣẹ́ ìfọpo wà lẹ́yìn òkè,
ó yọ iná sókè bí ẹni ń fi ahọ́n tọ́ ọ̀run wò.
Adriátíìkì ń bọ́jú láràárọ̀,
ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò.

Ẹja méjìlá, pupa, onírùngbọ̀n,
àwọn tí ń fi irùngbọ̀n tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun
bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.
Mo rọra la ikùn wọn,
torí bí òróńro bá bẹ́,
iṣẹ́ àárọ̀ ti korò nìyẹn.
Ẹni tó ní ká fẹ̀dọ̀ lórí òróńro
kò tíì di ọ̀bẹ mú lórí ọkọ̀ tó ń mì.

Ẹ̀dọ̀ kékeré, kò tó èékánná àtàǹpàkò.
Mo sọ ọ́ sínú náítírójìn, ó hó ṣìììì,
ó di òkúta.

Ohun tí mò ń wá kò légungun, kò lójú.
Ẹ́ńsáìmù ni, alágbàṣe inú ẹ̀dọ̀.
Bí ilé bá tòrò, ìwọ̀nba ni wọ́n, wọ́n ń tòògbé.
Bí epo bá yọ́ wọlé, ẹ̀dọ̀ á ránṣẹ́,
wọn á ya dé pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀,
iṣẹ́ òru, iṣẹ́ ọ̀sán, láìgba kọ́bọ̀.
Ẹja ò lè ké. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá a ké.

Ní yàrá ìdánwò mo lọ̀ ọ́, mo kán oògùn sí i.
Ti erékùṣù tó jìnnà, níbi tí ọkọ̀ epo kì í dé,
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́jú díẹ̀, ó kú.
Ti Dragovac pọ́n bí ẹ̀yinná.
Mo tún un ṣe. Ó tún pọ́n.
Wọ́n ní láti orí ni ẹja ti ń bàjẹ́.
Ẹ̀dọ̀ ti mọ̀ kí orí tó gbọ́.

Mo délé lálẹ́, bàbá ń yan ẹja,
ó ń fi ìdì ewé olóòórùn ta òróró ólífì sí i.
"Ìlọ́po mélòó?"
"Mẹ́rin."
Kò sọ̀rọ̀. Ó yí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kun ìdí ọkọ̀
ní ọgbà ìkànkọ̀, ọ̀dà tó ń pa ìgbín òkun,
láìfi nǹkan bomú.
Oṣù mẹ́fà mẹ́fà la ń yẹ ẹ̀dọ̀ ẹja wò,
a ní ìwé, a ní fìríìjì, a ní owó ìjọba.
Šime kú. Bepo kú. Vjeko ò lè dìde mọ́.
Ọ̀dà kan náà ni wọ́n jọ kùn.
Ta ló bi ẹ̀dọ̀ wọn ní ìbéèrè?

Ó bu ẹja sáwo, ó yọ egungun rẹ̀ fún mi
bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.
"Jẹun," ó ní. "Ó ń tutù."
Mo jẹ ẹ́.